Ọ̀kẹ́ Kan: Ìtàn 20,000 ní Ilẹ̀ Yewa

Àwọn àgbà Ìdí-Ìrókò tó bá fẹ́ pe mílíọ̀nù kan ní Yorùbá gidi, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni wọ́n ń wí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé orúkọ lásán ni. Ìṣirò ni. Ọ̀kẹ́ ni àpò ńlá tí wọ́n ń kó owó ẹyọ sí, 20,000 ẹyọ ló sì ń wọ inú rẹ̀. Ẹ fi 50 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò di 1,000,000 géérégé.

Kí ló dé tó jẹ́ 20,000? Lójú tèmi, torí pé ó rọrùn láti pín ni. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́. Bí a bá tú 20,000 palẹ̀ pátápátá, kìkì 2 lọ́nà márùn-ún àti 5 lọ́nà mẹ́rin la ó bá nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọgbọ̀n nọ́ńbà ló lè pín in láìṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n 3 kò sí lára wọn: bí ọmọ ìyá mẹ́ta bá jogún ọ̀kẹ́ kan, kálukú á gba 6,666, wọn á sì máa wojú ara wọn lórí ẹyọ méjì.

Ní 1887, Adolphus Mann, òjíṣẹ́ ìjọ CMS tó ti gbé ní Ìjàyè, kọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Wọ́n á da ọ̀kẹ́ sílẹ̀, ẹni tó ń kà á á jókòó tàbí kúnlẹ̀ tì í, á máa ṣa ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún lọ́nà ogún kí ó tó pé ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì ni wọ́n ń gbá pọ̀ di igba. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìgbà 4,000 ni ọwọ́ á lọ, tí á bọ̀, lórí ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo!

Ilẹ̀ wa wà lára ọ̀nà tí owó yìí ń gbà wọ̀lú. Láti Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti ń rù ú gba Ìlarò àti Ìjanná lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Hugh Clapperton náà gba Ìjanná kọjá ní 1825. Ẹyọ Maldives kan wọn gíráàmù kan ó lé díẹ̀, nítorí náà ọ̀kẹ́ kan ju ogún kílò lọ, ẹrù tó tó orí ènìyàn kan. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń kó ẹrú gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun. Nọ́ńbà tó pín dọ́gba bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń díye lé ọmọ ọlọ́mọ.

Láti nǹkan bí 1850, àwọn oníṣòwò Jámánì kó ẹyọ Zanzibar dé rẹpẹtẹ. Ó tóbi ju ti Maldives lọ. Ọ̀kẹ́ ṣì jẹ́ 20,000, àmọ́ ó wúwo sí i, ohun tó lè rà sì ń kéré sí i, títí owó alárù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà ní 1889, ṣílè ló gba ipò rẹ̀ níhìn-ín, fáránkì sì gbà á lọ́hùn-ún.