Ilé Jaekel: Ilé Réluwé Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Wó

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìjọra, ẹ mọ ojú irin tó gba àdúgbò yín kọjá lọ sí èbúté Àpápá. Ojoojúmọ́ la ń fò ó kọjá. Ta ló ń bá wa tọ́jú ìtàn rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká yà sí ọgbà Réluwé ní Èbúté-Mẹ́ta, kò jìnnà sí yín. Ní 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó. Ní 1901 ló dé Ìbàdàn. Láàárín ìgbà yẹn, ní 1898, ni wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sínú ọgbà náà. Nígbà tó yá, ilé ọ̀hún di àpatì.

Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy ló gbà á sílẹ̀. Ní 1995 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ láti máa dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́. Ọ̀kan lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ nígbà náà ni John Godwin, ayàwòrán ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Gillian Hopwood, dé Èkó ní 1954. Wọ́n bá àjọ Réluwé sọ̀rọ̀, wọ́n tún ilé náà ṣe, ó sì di ilé àwòrán ìtàn ní 2010. Wọ́n fi orúkọ Francis Jaekel pè é, ọ̀gá Réluwé tó kọ ìtàn ojú irin wa sínú ìwé alápá mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ló rí olùgbàlà. Ẹ rántí Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Tinúubú, tí àwọn Àgùdà kọ́ ní 1855. Ní 1956 ni ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Òfin wà, àmọ́ òfin ò dá katakata dúró.

Kí ló yàtọ̀? Èmi rò pé ìlò ni. Ilé ẹbí ni ti Ìlọ́jọ̀, orúkọ ohun ìrántí kì í sì í tún òrùlé ṣe. Ní Ilé Jaekel, àlejò ń wọlé, àwòrán wà lára ògiri, ẹnìkan ní kọ́kọ́rọ́. Ilé tí èèyàn ń wọ̀ tó ń jáde, ojú wà lára rẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ yìí fi kọ́ wa nìyẹn: ẹ má kàn sọ pé ohun kan ṣe iyebíye, ẹ wá iṣẹ́ fún un.

Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀ nílé. Bàbá tàbí ìyá wo ló ṣiṣẹ́ Réluwé ní àdúgbò yín? Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé àwòrán àtijọ́ jáde. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti yà á, àti ọdún wo. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwòrán tí kò lórúkọ, tí àgbà bá lọ tán, bébà lásán ló kù.

Ó dìgbà kan ná o.