Papa Ajasco Wo Ni Tiyín?

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ kan nínú kíláàsì mi sọ pé òun àti ìyá àgbà òun jiyàn lórí Papa Ajasco. Ó rí fídíò kan lórí YouTube, ó pe màmá wá wò ó. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Èyí kọ́. Papa Ajasco tèmi kọ́ nìyí." Ọmọ ní orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà. Àwọn méjèèjì ló jàre.

Inú ìwé ni Papa Ajasco ti wá. Ní 1976, Wale Adenuga dá ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ Ikebe Super sílẹ̀, ibẹ̀ la ti mọ bàbá olórí pípá yìí. Wọ́n sọ ọ́ di fíìmù ní 1984, Peter Fatomilola ló ṣe é. Nígbà tó di eré tẹlifíṣọ̀n ní nǹkan bí 1996, ojú Abiodun Ayoyinka la wá ń rí. Nígbà tó yá, Femi Ogunrombi, tó di olóògbé ní 2023, gbà á ṣe. Eré náà pàápàá pààrọ̀ orúkọ: ó di Papa Ajasco and Company, lẹ́yìn náà Papa Ajasco Reloaded. Kálàmù ló bí bàbá yìí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ni orúkọ fi lè gbé e wọ òṣèré mìíràn.

Irú rẹ̀ kò jìnnà sí wa níbí. Ní Greenbelt, ìtòsí Beltsville, Martin Lawrence lọ sí ilé-ìwé gíga Eleanor Roosevelt. Òun ló kọ́kọ́ ṣe atọ́kùn Def Comedy Jam lórí HBO ní 1992. Ó kúrò, ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀. Ètò náà dáwọ́ dúró ní 1997, ó padà dé ní 2006 pẹ̀lú Mike Epps. Ní 2017, All Def Comedy ló jáde. Bíi ṣọ́ọ̀bù ọjà ni: ẹnìkan kó jáde, ẹlòmíràn kó wọlé.

Baba Sala ńkọ́? Ẹgbẹ́ olórin ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ kọ́kọ́ ní, Federal Rhythm Dandies. (Bẹ́ẹ̀ ni, Sunny Adé ta gìtá níbẹ̀!) Ó yíjú sí eré, ó di Aláwàdà, ó dé orí WNTV Ìbàdàn. WNTV di NTA, Baba Sala kò yí padà. Awò-ojú ńlá, táì ńlá, aago ràgàjì: ara rẹ̀ gan-an ni orúkọ náà lẹ̀ mọ́. Ó kú ní 2018, a ò sì rí ẹni tí a lè wọ aṣọ náà fún kí a gbà pé òun ni.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí eré bá pààrọ̀ orúkọ, ariwo á sọ. Bí òṣèré bá yí padà, wẹ́lo ni, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé. Ọmọ á dàgbà, á mọ orúkọ eré, kò ní mọ ẹni tó pa á lẹ́rìn-ín. Nítorí náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè nílé pé Papa Ajasco wo ni tiwọn, kó kọ ọ́ wá ní Sátidé. Orúkọ òṣèré ni mo fẹ́ o, kì í ṣe ti eré.