Ọ̀dà Ara Ìjẹ Onígi: Ẹja Ni àbí Olówó Ló Wà Fún?

Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ pẹja máa ń wá ẹkòló, àwọ̀n tàbí ìgèrè. A kì í sábà gbẹ́ igi, ká kùn ún lọ́dà kó lè jọ ẹja kékeré, ká wá jù ú sómi kí ẹja ńlá lè gbé e mì. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Fínláǹdì ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi di iṣẹ́ ńlá. Àríyànjiyàn ló mú wa kọ nípa rẹ̀: ọ̀dà aláràbarà tó wà lára ìjẹ onígi yìí, ṣé ẹja ni wọ́n kùn ún fún, àbí ẹni tó fẹ́ rà á?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Dowagiac, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Michigan. James Heddon, ẹni tó ń sin oyin, ń gbẹ́ igi níbẹ̀ lápá ìparí ọ̀rúndún 19. Wọ́n ní ó jókòó sétí omi lọ́jọ́ kan, ó ju igi tó ń gbẹ́ lọ́wọ́ sómi, ẹja kan sì fò mọ́ ọn. Ìtàn náà dùn, àmọ́ irú ìtàn báyìí máa ń dùn sí i bí ọjà bá ṣe ń tà sí i. Èyí tó dájú ni pé nígbà tí ọ̀rúndún 20 bẹ̀rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń tà á. Wọ́n ń fi ojú dígí sí i, wọ́n sì ń kùn ún lákùntúnkùn.

Àkùntúnkùn yẹn kì í ṣe fáàrí lásán. Igi máa ń mumi. Tó bá mumi, á wú; tó bá wú, ọ̀dà á sán, á sì máa bó. Torí náà, wọ́n á kọ́kọ́ fi sáńpépà ha igi náà kó jọ̀lọ̀, wọ́n á dí ojú ihò ara rẹ̀, wọ́n á wá kùn ún ní funfun kí àwọ̀ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀ lè tàn. Ẹ̀yìn á dúdú, ikùn á funfun bíi ti ẹja gidi. Lẹ́yìn náà ni fáníìṣì. Èyí tí wọ́n kùn gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó fi òmíràn lé e. Oníwàdùwàdù kò lè ṣe é.

Ti ìpẹ́ ló yà wá lẹ́nu jù. Ta ló fẹ́ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ya ìpẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan? Ilé iṣẹ́ Creek Chub, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Garrett, ní Indiana, ní 1916, gbajúmọ̀ fún ọgbọ́n kan: wọ́n á na aṣọ àwọ̀n mọ́ ara ìjẹ náà, wọ́n á fọ́n ọ̀dà sí i, ọ̀dà á gba ojú àwọ̀n wọlé. Tí wọ́n bá ṣí àwọ̀n kúrò, ìpẹ́ ti wà níbẹ̀. Àwọ̀n tí a mọ̀ mọ́ kíkó ẹja ló wá ń ya ẹja yìí o! Ìjẹ Creek Chub ni George Perry sọ pé òun lò ní Georgia ní ọdún 1932, tó fi mú ẹja bass tó wọn pọ́n-ùn 22 àti áùǹsì 4. Kò sẹ́ni tó bá àkọsílẹ̀ yẹn dọ́gba títí di 2009, nígbà tí Manabu Kurita mú tirẹ̀ ní Japan.

Àwọn tó ní ẹja ni wọ́n kùn ún fún ti fẹ́ máa yọ̀ níbí. Àmọ́ omi fúnra rẹ̀ ń takò wọ́n: àwọ̀ pupa ni omi máa ń kọ́kọ́ gbé mì. Bí ìjẹ bá ti wọlẹ̀ jìn, pupa tí wọ́n fara balẹ̀ kùn á di bíi dúdú.

Lauri Rapala, apẹja tálákà ní Asikkala, ní Fínláǹdì, kò tiẹ̀ ní owó ọ̀dà. Ó ti ṣàkíyèsí pé ẹja apẹranjẹ máa ń yan èyí tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ tààrà, tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi pé ó fara pa. Ní 1936, ó fi ọ̀bẹ àwọn tó ń ṣe bàtà gbẹ́ kọ́ọ̀kì, irú èyí tí wọ́n fi ń dí ìgò. Ó fi bébà tó ń dán bíi fàdákà, èyí tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì, bò ó, ó sì yọ́ fíìmù fọ́tò sórí rẹ̀ dípò fáníìṣì. Ọgbọ́n àìní ni, ṣùgbọ́n ó bọ́gbọ́n mu: ohun tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù nígbà náà kò jìnnà sí ohun tí wọ́n fi ń ṣe fáníìṣì, tó bá sì gbẹ, omi kì í wọ̀ ọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ sórí igi balsa. Igi yẹn fúyẹ́ gan-an, ìyẹn ló jẹ́ kí ìwúwo ọ̀dà di ọ̀ràn: tí ọ̀dà bá nípọn jù lápá kan, ìjẹ náà kò ní mì bó ṣe yẹ. Nígbà tó fi máa di 1960, Ron Weber àti Ray Ostrom ti ń kó o wọ Minnesota. Ní August 1962, ìwé ìròyìn Life gbé àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀ jáde nínú ẹ̀dà kan náà tó gbé Marilyn Monroe, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, sí iwájú ìwé. Ẹ fojú inú wo iye èèyàn tó ra ẹ̀dà yẹn! Àwọn tó fẹ́ ra ìjẹ Rapala pọ̀ ju ohun tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè ṣe lọ.

Èrò tiwa ni pé mímì ló ń mú ẹja, ọ̀dà ló ń mú olówó, fáníìṣì sì ni kì í jẹ́ kí igi jẹrà mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wa kò gbà, ó ní ká lọ bi Perry. Ní báyìí, àwọn tó ń kó ìjẹ Heddon àtijọ́ jọ ń wá èyí tí ọ̀dà àkọ́kùn rẹ̀ ṣì pé. Tí ẹnì kan bá tún un kùn, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Èyí tó ṣì wà nínú páálí rẹ̀, tí kò kan omi rí, ni wọ́n ń náwó lé lórí jù.