Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ Àsìkò Lẹ́yìn Tí Róòmù Ṣubú

Kí ìjọba Róòmù ti ìwọ̀-oòrùn tó fọ́ ní 476, aago kò ṣọ̀wọ́n láwọn ìlú ńlá rẹ̀. Aago oòrùn, ìyẹn òkúta tí wọ́n fa ìlà sí, tí òjìji irin ń rìn lórí rẹ̀, wà ní gbàgede ọjà. Nílé ẹjọ́, omi tó ń kán ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí agbẹjọ́rò ṣe máa sọ̀rọ̀ pẹ́ tó. Wákàtí Róòmù kì í dọ́gba: méjìlá ni wọ́n pín ojúmọmọ sí, ìbáà gùn, ìbáà kúrú. Wákàtí kan lè tó ìṣẹ́jú 75 nígbà ooru, kó wálẹ̀ sí 45 nígbà òtútù.

Bí ìlú ṣe ń tú, tí owó orí kò wọlé mọ́, ta ni yóò máa bu omi sáago? Àgbẹ̀ kò kúkú pàdánù nǹkan kan. Oòrùn àti àkùkọ ṣì wà fún un. Àwọn tọ́rọ̀ náà ká lára ni àwọn mọ́nkì, àwọn ọkùnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ àdúrà tí wọ́n ń gbé pọ̀, nítorí òru ni àdúrà wọn àkọ́kọ́, òru kò sì ní òjìji.

Ní nǹkan bí 530, Benedict ti Nursia ṣòfin pé kí wọ́n máa jí ní wákàtí kẹjọ òru nígbà òtútù. Olórí ilé ni kó máa kéde àsìkò, tàbí kó fi í lé arákùnrin tó ṣe é fọkàn tán lọ́wọ́. Bí oorun bá gbé ìyẹn lọ, tí gbogbo ilé jí pẹ́, wọ́n á gé kíkà Ìwé Mímọ́ kúrú, ẹlẹ́bi á sì tọrọ ìdáríjì nínú ilé àdúrà.

Cassiodorus, ìjòyè àtijọ́ tó dá ilé ìsìn sílẹ̀ ní gúúsù Ítálì, ṣe aago oòrùn àti aago omi fún àwọn tirẹ̀. Àwọn mìíràn gbójú sókè. Gregory, tó di bíṣọ́ọ̀bù Tours ní 573, kọ ìwé kékeré kan nípa ìràwọ̀ tó ń yọ lóṣù kọ̀ọ̀kan, kí àwọn mọ́nkì lè mọ ìgbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ Sáàmù. Kò lo orúkọ tí àwọn akéwì Róòmù fún wọn. Àgbélébùú àti dòjé ló pè wọ́n, bí ẹni tó ń bá ará oko sọ̀rọ̀. Lóru tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ìwé náà kò wúlò.

Ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bede parí ìwé ìṣirò àsìkò rẹ̀ ní 725. Ọwọ́ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Oríkèé ìka ọwọ́ kan jẹ́ 14. Bí a bá fi èékánná márùn-ún kún un, ó di 19, iye ọdún tí òṣùpá fi ń padà sí ọjọ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀. Oríkèé ọwọ́ méjèèjì jẹ́ 28, ìyẹn iye ọdún tí oòrùn fi ń yí po.

Ọba Alfred ti Wessex, tó jọba láti 871 sí 899, jẹ́jẹ̀ẹ́ ìdajì tọ̀sán-tòru rẹ̀ fún Ọlọ́run, òjò àti kùrukùru kò sì jẹ́ kó mọ ibi tí ìdajì parí sí. Asser, àlùfáà tó bá a gbé, sọ ohun tó ṣe. Wọ́n fi ìda oyin mọ àbẹ́là mẹ́fà, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan ínṣì 12, wọ́n sì fa ìlà sí ínṣì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń jó fún wákàtí mẹ́rin. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá pé 24. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gba ihò ara ògiri àti aṣọ àgọ́ wọlé, àbẹ́là á sì jó tán ṣáájú àsìkò. Ọba bá ní kí wọ́n fi igi àti ìwo màlúù ṣe àtùpà, kí wọ́n fá ìwo náà títí yóò fi fẹ́lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá bíi gíláàsì. Aago ọlọ́rọ̀ ni. Mẹ̀kúnnù kì í sun ìda oyin ṣeré.

Aago omi náà kò run. Nígbà tí iná sọ ní ilé ìsìn Bury St Edmunds ní 1198, àwọn mọ́nkì kan sáré lọ sí kànga, àwọn kan sáré lọ bu omi inú aago.

Ohun tí ará ìlú ń gbọ́ nínú gbogbo èyí ni agogo ilé ìsìn. Yorùbá fa aago yọ lára agogo. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é náà, lára ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí agogo ló ti wá. Ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá ni aago onírin dé. Èyí tó wà ní kàtídírà Salisbury, tí wọ́n gbà pé ó ti wà láti 1386, kò lójú, kò lọ́wọ́. Kó ṣáà máa lu agogo ni wọ́n ṣe é fún.