Kọ̀ǹpútà Kan, Windows Kan, Linux Kan: Àyè Ò Gbà Wọ́n

Inú Ìsọlọ̀ Industrial Estate ni mo ti ń gba ohùn yìí sílẹ̀. Ẹ máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí Linux bá Windows gbé nínú laptop mi, àyè 30GB ni mo ń wá. Bí mo ṣe ń pa fíìmù rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo rántí ìjà kan tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà wa yìí lọ́dún 2007.

Kọ̀ǹpútà kékeré 17,000 ni wọ́n fẹ́ kó fún àwọn ọmọ iléèwé. Classmate PC lorúkọ rẹ̀, Intel ló ṣe é. Mandriva, ilé-iṣẹ́ Faransé kan, ló gba iṣẹ́ láti fi Linux sí i. Wọ́n ti ṣàdéhùn tán. Àfi bí oníbàárà wọn ṣe ní àwọn á sanwó Linux náà o, ṣùgbọ́n àwọn á yọ ọ́, àwọn á fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: kéèyàn sanwó ohun tó fẹ́ pa rẹ́!

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà ní gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft, ó bi í léèrè ohun tó ṣe fún àwọn oníbàárà náà tí ọkàn wọn fi yí. Ìròyìn gbé e pé ọ̀rọ̀ $400,000 fún ìpolówó wà nílẹ̀. Microsoft ní àwọn ò rú òfin kankan. Nígbẹ̀yìn, USPF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí iṣẹ́ náà, ní Mandriva làwọn ń bá lọ.

Kí ló dé tí wọn ò fi méjèèjì sí i? Àyè ni. 1GB sí 2GB péré ni àwọn Classmate àkọ́kọ́ ní, bẹ́ẹ̀ Windows XP nìkan fẹ́ 1.5GB. Yàrá kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá wọlé ti lé ẹnìkejì jáde. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kí ìjà yẹn gbóná nìyẹn.

Ẹ wo XO, kọ̀ǹpútà OLPC tí wọ́n dán wò ní Galadima, l'Ábùjá. 1GB lòun náà ní. Nígbà tí Microsoft àti OLPC fohùn ṣọ̀kan lóṣù karùn-ún 2008 pé kí XP wọ inú rẹ̀, orí káàdì SD ni wọ́n ní láti gbé e sí. Bọ́ìsì kọ́tàsì!

Tèmi rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà Vista ni Shrink Volume ti wà nínú Windows. Mo kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ BitLocker mi pamọ́, mo sì ṣe bákọ́ọ̀pù. Síbẹ̀, 11GB ni Windows ní òun lè yọ̀ǹda, nítorí fáìlì hibernation jókòó sáàárín disk, kò ṣeé sún. Mo pa hibernation, mo tún laptop tàn, ó di 26GB.

Ó ku 4GB. Fídíò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló kù tó tóbi, 9GB ni. Mo ṣì ń wò ó.