Ohu, Ìsọ̀yè àti Olú Inú Kápúsù: Ìtàn Oògùn Ìrántí Láti Agbègbè Ifọ̀

Kí olú tó di ohun tí a ń lọ̀ sínú kápúsù, tí a sì ń polówó pé ó ń mú ọpọlọ jí pépé, ilẹ̀ Yorùbá ti ní olú tí a fi ń wo àìsàn, ó sì ti ní ìsọ̀yè, ìyẹn oògùn tí a ń lò kí ohun tí ènìyàn kọ́ má baà sá mọ́ ọn lórí.

Gbajúmọ̀ nínú àwọn olú ìwòsàn ni ohu, èyí tí í ṣe ìṣù líle, tí òde rẹ̀ dúdú, tí inú rẹ̀ funfun, tí ó máa ń wà nínú igi tó ti rà tàbí nínú ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí B. A. Oso tẹ̀ jáde ní 1977, ó ṣàlàyé pé àwọn Yorùbá ń po ohu mọ́ ewé àti èròjà mìíràn láti fi wo orí fífọ́, inú rírun àti ibà. Ní Òkè-Àró, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, níbi tí ilé ti gba ipò oko bí Èkó ti ń fẹ̀ sí i, ẹni tó bá gé igbó tó sì hú kùkùté ti ba ibùjókòó ohu jẹ́, nítorí náà ọwọ́ lékulẹ́ja, ẹni tó ń ta èròjà oògùn, ni a óò ti rà á.

Ìsọ̀yè ní tirẹ̀ bá àwọn ọmọ awo, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ Ifá, mu, nítorí pé odù Ifá 256 àti àwọn ẹsẹ̀ abẹ́ wọn ni wọ́n ń há sórí. Síbẹ̀, ọdún pípẹ́ lọ́dọ̀ olúwo, ọ̀gá wọn, ló ń gbé ẹ̀kọ́ náà ró.

Ní ti olú àti ìrántí, ilẹ̀ Japan ni ìwádìí ti so wọ́n pọ̀. Ní 1991, Hirokazu Kawagishi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí àwọn èròjà nínú olú Hericium erinaceus, tí wọ́n ń ru ìpèsè èròjà tó ń mú iṣan ìmọ̀lára dàgbà sókè nínú àyẹ̀wò yàrá ìwádìí. Ní 2009, àwọn àgbàlagbà 30 tí ìrántí wọn ti ń dínkù kópa nínú àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ 16: àwọn tó lo olú náà ṣe dáadáa ju àwọn tí kò lò ó lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n dáwọ́ dúró, àǹfààní náà ti ń lọ sílẹ̀.

Ènìyàn 30 kéré púpọ̀ láti fi dá ọjà láre, olú tí wọ́n lò kì í sì í ṣe ohu. Nítorí náà, ẹni tó bá fi okìkí ohu ta kápúsù ìrántí ti yá iyì oògùn kan fún òmíràn.