Oníṣirò Owó àti Iṣẹ́ Rẹ̀ tí ó Ju ti Owó Orí Lọ

Àwọn àgbà wa a máa wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ojú ìfura ni a fi ń wo ẹni tí ó bá ń ka ohun ìní ẹlòmíràn, ìtàn sì fi ìdí ìfura náà hàn. Ní 1918, owó orí tuntun wà lára ohun tí ó fa ogun Adúbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní 1929, ní Oloko ní ilẹ̀ Ìgbò, olóyè ìlú rán ọkùnrin kan láti ka àwọn ènìyàn àti ohun ọ̀sìn wọn. Olùkọ́ ilé-ìwé bí àwa náà ni ọkùnrin yìí. Nígbà tí ó ní kí Nwanyeruwa, tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ epo rẹ̀, ka ewúrẹ́, àgùntàn àti ènìyàn ilé rẹ̀, obìnrin náà fi igbe ta. Kò pẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin fi dìde, nítorí wọ́n gbà pé bí a bá ti kà wọ́n tán, owó orí ni yóò tẹ̀lé e.

Ìrònú yìí kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni kì í ránṣẹ́ pe oníṣirò owó àfi nígbà tí ìwé owó orí bá dé. Bí ó bá ti kọ ọ́ tán, ó di ọdún tí ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé èyí ni ó kéré jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Josiah Wedgwood ti ń mọ àwo àti ìkòkò ọ̀ṣọ́ ní Staffordshire. Ó lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí ayaba fi jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1772 ọjà kú, ìkòkò kún ilé ìkẹ́rùsí, ó sì di ẹni tí ń wá owó kiri. Wedgwood gbé ìwé owó rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tú ìnáwó orí ìkòkò kọ̀ọ̀kan wò: iye amọ̀, iye èédú, owó ọ̀yà, owó ilé. Èkíní, ó rí i pé akọ̀wé àgbà rẹ̀ ti ń jí owó òun kó. Èkejì, ó rí i pé ìnáwó kan wà tí kì í dín kù bí iṣẹ́ tilẹ̀ dín kù. Bí a mọ ọgọ́rùn-ún ìkòkò, bí a mọ mẹ́wàá, owó ilé kò yí padà. Nítorí náà, bí ìkòkò bá ti pọ̀ tó ni iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń náni yóò ṣe kéré tó. Láti inú ìṣirò yìí ni ó ti mọ̀ pé, nígbà tí àwọn ọlọ́lá ti ra tiwọn ní owó gọbọi, òun lè dín iye rẹ̀ kù kí àwọn tí kò lówó tó wọn lè rà á, kí òun sì jèrè síbẹ̀. Kì í ṣe agbowó-orí ni ó béèrè gbogbo èyí lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ìwé owó ti lè gba òwò là, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè tú àṣírí ìkà. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, E. D. Morel jẹ́ akọ̀wé ní Liverpool, ní ilé-iṣẹ́ Elder Dempster tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ná àwọn èbúté Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Morel kì í ṣe oníṣirò owó tí ó gba ìwé-ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó ní ojú oníṣirò. Iṣẹ́ a máa gbé e lọ sí Antwerp nítorí ẹrù Kóńgò, ilẹ̀ tí Leopold Kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀m, sọ di ohun ìní ara rẹ̀. Ó fi àkọsílẹ̀ ẹrù tí ń bọ̀ wé ti ẹrù tí ń lọ. Rọ́bà àti eyín erin olówó iyebíye ni ó ń bọ̀. Ìbọn àti ọta ni ó pọ̀ nínú èyí tí ń lọ, ọjà títà kò tó nǹkan. Kí wá ni a fi ra rọ́bà náà? Morel rí ìdáhùn: a kò rà á rárá, ipá ni a fi ń kó àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣiṣẹ́. Láìfi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Kóńgò, ó ti rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìwé. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1901, ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1904 láti jà fún àwọn ará Kóńgò, nígbà tí ó sì di 1908, ìjọba Bẹ́ljíọ̀m gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ọba.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? A bí Akíntọ́lá Williams ní 1919, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí oníṣirò owó àgbà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949. Nígbà tí ó padà dé, ilé-iṣẹ́ owó orí ìjọba ni ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1952 ó kúrò níbẹ̀, ó sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, ní àkókò tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn àjèjì. Ìwé ìròyìn West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe àti òwò ọkọ̀ Ojukwu wà lára àwọn tí ó gbé ìwé owó wọn tọ̀ ọ́ wá. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ Yorùbá ni ó ń yẹ ìwé àwọn ọmọ Ìgbò wò. Ilé ìfowópamọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu yáni lówó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó wà ní Kánò kò lè fi owó sí òwò ẹni tí kò mọ̀ rí ní Èkó, àfi bí ẹnìkan tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni bá ti yẹ ìwé náà wò. Ìdí nìyí tí Williams fi wà lára àwọn tí ó dá ọjà ìpín ìdókòwò Èkó sílẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961. Nígbà tí òfin fi ìdí ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó múlẹ̀ ní 1965, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ó di olóògbé ní 2023, lẹ́ni ọdún 104.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nínú iṣẹ́ ìbẹ̀wò mi, mo máa ń rí ìwé owó ilé-ìwé tí a fi ìkánjú kọ ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí mo dé. Olùbẹ̀wò ni a kọ ọ́ fún, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ti ń kọ tirẹ̀ fún agbowó-orí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè gba ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí ará ìlú bá ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé owó ìkọ́lé ti sọnù, èyí tí a ń kọ lójoojúmọ́ nìkan ni yóò lè jẹ́rìí ọ̀gá ilé-ìwé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí a bá ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Lóòótọ́, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ; ṣùgbọ́n ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ iye ọmọ tí ó wà nílé.